"Ìwọ ni Mọ́mì, ó yá, máa lọ": ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rìnrìn àjò ọjà, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Aláṣọ Gbàgì:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbàgì, n'Ìbàdàn. Ańkárá ló pọ̀ jù nínú ọjà mi, mo sì máa ń fi léèsì kún un lásìkò tí ìgbéyàwó bá pọ̀. Kútọnu àti Lomé ni mo ti ń kó o, ó sì ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń rin ọ̀nà yẹn. Tíṣà ni ọkọ mi. Ọmọ mẹ́ta la bí: obìnrin ni àkọ́bí, ó ti pé mẹ́tàlá, ọkùnrin tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àbígbẹ̀yìn, ọkùnrin náà ni, ṣẹ̀ṣẹ̀ pé márùn-ún. Àsìkò tí wọ́n ti bọ́dà pa la bí ìyẹn, bàbá ẹ̀ sì máa ń pè é ní Bọ́dàtì tó bá fẹ́ bá mi ṣẹ̀fẹ̀.

Ohun tó gbé mi wá síbí rèé. Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo ń ká aṣọ ní pálọ̀, àwọn ọmọ ń ṣeré "èmi ni Dádì, ìwọ ni Mọ́mì" ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bọ́dàtì ló ń pín ipò fún wọn. Ó fi ara ẹ̀ ṣe Dádì, ó fi ọmọbìnrin aládùúgbò wa ṣe Mọ́mì. Ọmọ yẹn jókòó, ó ti bu yẹ̀pẹ̀ sínú ìdérí korobá, ó fẹ́ máa rokà. Tèmi bá gba ìdérí lọ́wọ́ ẹ̀, ó gbé báàgì ilé-ìwé kọ́ ọ léjìká, ó ní, "Ìwọ ni Mọ́mì. Ó yá, máa lọ." Ọmọ yẹn ní kóun máa lọ síbo? Ó ní, "Ṣáà máa lọ. Tó o bá débẹ̀, kó o pè wá."

Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá mo wọ yàrá, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mi ò lè ká aṣọ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìrìn náà, torí àwọn kan rò pé ọkọ̀ la kàn ń wọ̀ lọ, tá a tún ń wọ̀ bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta ni mo ń lọ. Ìdájí Mọ́ńdè, aago mẹ́rin, mo ti wà ní gáréèjì ní Challenge. Mo dé Mile 2, mo wọ ọkọ̀ Àgbádárìgì, ó di Sẹ̀mẹ̀. Iye ìgbà tí wọ́n ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà yẹn, mo ti jáwọ́ nínú kíkà á. Ìrọ̀lẹ́ ni mo ń wọ Kútọnu. Túsìdé, mo wà ní ọjà Dantokpa láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Wẹ́sìdé, mo gba Ouidah àti Grand-Popo dé Hilla-Condji, ìyẹn bọ́dà kejì. Àǹfààní kan tó wà níbẹ̀ ni pé séfà kan náà ni Benin àti Tógò ń ná, mi ò ní láti ṣẹ́ owó lẹ́ẹ̀kejì. Tọ́sìdé, mo wà ní Assigamé, ọjà ńlá Lomé. Fráídè ló yẹ kí n padà, àmọ́ tí ọjà ò bá tíì pé, ó lè di Sátidé, ó lè di Sọ́ńdè.

Ọ̀rọ̀ àkọ́bí mi tún wà nílẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún yìí, Lomé ni mo wà nígbà tó rí nǹkan oṣù ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò pè mí, kò sọ fún bàbá ẹ̀. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ níwájú ilé wa ló lọ bá. Ìyá yẹn ló ra páàdì fún un, tó sì kọ́ ọ bó ṣe máa lò ó. Mo ti dé fún ọjọ́ mẹ́rin kí n tó gbọ́, ẹnu ìyá ẹlẹ́kọ ni mo sì ti gbọ́ ọ. Mo dúpẹ́ títí, mo fún un ní yáàdì mẹ́fà. Ó gbà á, ó wá ní, "Ọmọ ẹ ní òun ò fẹ́ dí ẹ lọ́wọ́ ni."

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì máa ní kí n jókòó sílé. Mo ti jókòó sílé rí o. Oṣù kẹjọ 2019 ni ìjọba ti bọ́dà, oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tó ṣí Sẹ̀mẹ̀, kòrónà sì wà láàárín. Odidi oṣù mẹ́rìndínlógún ni mo fi wà nílé. Alaalẹ́ ni mò ń ro àmàlà. A jẹ owó ilé-ìwé sáà méjì, mo ta wúrà tí ìyá mi fi ṣe ìdána fún mi, èmi àti ọkọ mi sì ń jà lórí owó ata. Mo wà nílé, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbádùn mi. Nígbà tí náírà tún já wálẹ̀ ní 2023, owó tí mo fi ń ra bélì mẹ́ta kò ra méjì mọ́, ìyẹn ló jẹ́ kí ìrìn mi pọ̀ sí i, torí ìwọ̀nba lowó mi ń ká lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wàásù fún mi. Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ṣe ni kẹ́ ẹ sọ.

Olóòótọ́ Ọ̀rọ̀:

Ẹ má bínú sí mi o. Ọmọ ọdún márùn-ún ti bá yín sọ̀rọ̀, kí lẹ tún fẹ́ gbọ́ lẹ́nu tiwa? Owó kì í tán láyé. Obìnrin tó ń lo ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ méje lóde nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ilé wo ló ń kọ́? Ẹ wá nǹkan tẹ́ ẹ lè máa tà nítòsí.

Bàbá Alálùbọ́sà:

Olóòótọ́, ẹ rọra. Ọkùnrin ni mí, àlùbọ́sà ni mò ń tà ní Ṣáṣá, Aliero ní ìpínlẹ̀ Kebbi ni mo ti ń kó o. Ogún ọdún ni mo fi rin ọ̀nà yẹn, kò sẹ́ni tó bi mí rí pé ilé wo ni mò ń kọ́. "Ẹ kú ìrìn àjò, Ọlọ́run á mú yín bọ̀ láyọ̀" ni gbogbo ayé ń kí mi. Ẹ kí Aláṣọ náà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tèmi nìyí. Mo dé láti òkè lọ́jọ́ kan, eruku ti bò mí. Ọmọ mi obìnrin tó ń lọ sí ìwé kẹta ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀, ó ní "Ẹ káàbọ̀, sà," ó wá lọ pe ìyá ẹ̀ pé àlejò dé. Ọlọ́run gbọ́, àlejò ló pè mí. Ìyá ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn.

Ní Ṣáṣá, àwa mẹ́ta la mọra dáadáa. Mo bá wọn sọ ọ́ pé, dípò kí gbogbo wa máa lọ, kí ẹnì kan máa lọ fún ẹni mẹ́ta. Bó bá kan ẹ lónìí, ó di ìgbà kẹrin kó tó tún kàn ẹ́. Ẹni tó lọ máa gba làádà lórí àpò kọ̀ọ̀kan tó bá rà fún wa. Kò rọrùn níbẹ̀rẹ̀. Àkọ́lọ wa kó àlùbọ́sà tútù bọ̀, èyí tí wọn ò tíì sá gbẹ, kó sì tó dé Ìbàdàn ìdajì ẹ̀ ti ń jẹrà. A fẹ́rẹ̀ẹ́ bára wa jà. Ibẹ̀ la ti fẹnu kò pé ẹni tó lọ gbọ́dọ̀ ya fọ́tò àpò tí wọ́n tú, àní kó fi ọ̀bẹ la àlùbọ́sà méjì níṣojú wa lórí fóònù kó tó sanwó. Ó ti pé ọdún mẹ́rin báyìí. Mo mọ orúkọ tíṣà ọmọ mi.

Aṣọ yàtọ̀ sí àlùbọ́sà o, mo mọ̀. Ojú ni wọ́n fi ń ra aṣọ. Àmọ́ ẹ wò ó bóyá ẹ ní ẹnì kan ní Gbàgì tí ojú yín àti tiẹ̀ bára mu.

Ọmọ Ẹjìgbò:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu wa.

Ẹjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mo ti dàgbà. Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé Abidjan, ní Ivory Coast, ni ilé wa kejì. Lọ́jà wa, ẹ máa bá àwọn tó ń fi Faransé nájà, tí wọ́n tún gbọ́ Júlà, èdè ọjà àwọn ará ibẹ̀. Adjamé, àdúgbò ọjà ní Abidjan, ni bàbá mi àti ìyá mi ti ń ṣòwò, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni wọ́n fi èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sí láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni Màámi ń wálé.

Màámi máa ń gba ohùn ara wọn sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi rán dírẹ́bà. Tó bá di ọjọ́ Sọ́ńdè, ìyá àgbà á gbé rédíò jókòó sáàárín àgbàlá, gbogbo wa á pé lé e lórí. Màámi á kí wa níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní kí n má bá ẹ̀gbọ́n mi jà, wọ́n á béèrè bóyá bàtà tí wọ́n fi ránṣẹ́ bá mi mu, bí ẹni pé mo lè dá kásẹ́ẹ̀tì lóhùn. Mo sì máa ń dá a lóhùn. Ẹ máa ń gbọ́ ọjà lẹ́yìn ohùn wọn, ẹnì kan á máa polówó omi tútù ní Júlà. Mo mọ ìpolówó yẹn sórí dòní, mi ò sì mọ ìtumọ̀ ẹ̀.

Kì í ṣe pé Màámi ò sí nílé ló dùn mí jù. Pé kò sí ọjọ́ tí mo lè kà ló dùn mí. "Ó ń bọ̀" ni wọ́n máa ń sọ fún wa. "Ó ń bọ̀" yìí lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè jẹ́ oṣù mẹ́fà. Ọkọ̀ tó ń ti Abidjan bọ̀ máa ń la Ghana, Tógò àti Benin kọjá, kò sẹ́ni tó mọ wákàtí tó máa wọlé. Tí mo bá ti gbọ́ fèrè ẹ̀, màá sáré lọ sí gáréèjì, màá máa wo ojú àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀. Mo ti wo ojú àwọn èèyàn yẹn títí mo fi lè mọ ẹni tó jẹ èrè àti ẹni tó pàdánù.

Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà sára kàlẹ́ńdà, kẹ́ ẹ gbé e kọ́ síbi tí ọwọ́ Bọ́dàtì ti lè tó o. Tẹ́ ẹ bá kọ Fráídè, kó jẹ́ Fráídè. Bí ọjà ò bá tíì pé, kó má pé. Ọ̀rọ̀ yín, Sátidé àbí Sọ́ńdè, ibẹ̀ gan-an ni mo dúró sí tí mo ń kà á.

Aláṣọ Gbàgì:

Ọmọ Ẹjìgbò, ẹ pa mí lẹ́kún. Bàbá Alálùbọ́sà, ẹ ṣeun, sà. Olóòótọ́, mo gbọ́.

Ìyá Iléṣà:

Mo ti lé láàádọ́rin ọdún, màá sì máa pè ọ́ ní "o", má bínú.

Òṣómàáló ni bàbá mi. Ẹ ń gbọ́ orúkọ yẹn, ẹ ò mọ iṣẹ́ ẹ̀. Ìjẹ̀ṣà tó ń ru aṣọ kiri ìlú onílùú, tó ń tà á láwìn ni. Tí ọjọ́ owó bá pé, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, á ní òṣó lòun máa ló títí òun á fi gbowó òun. Oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́rin ni Bàámi ń lò lọ́nà. Kò sẹ́ni tó ní Bàámi ò kọ́lé. Olóòótọ́ ni mò ń bá wí.

Ìwọ Aláṣọ, ìbéèrè méjì ni mo ní fún ẹ. Ìrìn mélòó lo rìn lọ́dún tó kọjá, mélòó nínú ẹ̀ ló mérè bọ̀? Má fi orí sọ ọ́. Mú ìwé.

Tó bá ti èkejì yìí, má dá mi lóhùn tó bá ń tì ọ́ lójú. Ṣé o máa ń sùn dáadáa ní Lomé? Èmi náà tajà dé Kàdúná nígbà tí egungun mi ṣì le. Mo mọ bó ṣe ń rí kéèyàn ti ilẹ̀kùn yàrá kan, kó tú gèlè, kó má sì sí ẹnì kan ṣoṣo tó máa pe "Mọ́mì" títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mi ò sọ pé ó burú. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé oorun lo ń wá, o lè sùn láì kọjá bọ́dà méjì.

Ní ti ọmọbìnrin yẹn, má ra nǹkan kan fún un. Má bi í pé kí ló dé tí kò pè ẹ́. Ní kó bá ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kóun máa ká aṣọ, kí ìwọ náà máa ká aṣọ. Tó bá wù ú, á sọ̀rọ̀.

Aláṣọ Gbàgì:

Ìyá mi, ẹ tú mi láṣọ lójú ọjà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wo ọ̀rọ̀ yín kí n tó lè kọ èyí.

Mo mú ìwé gẹ́gẹ́ bẹ́ ẹ ṣe wí. Ìrìn mẹ́tàdínlógún ni mo rìn lọ́dún tó kọjá. Nínú mẹ́fà, owó ọkọ̀, owó ilé àlejò àti owó ojú ọ̀nà ló jẹ èrè tán. Nínú méjì, èmi ni mo fowó sí i. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé nǹkan ò rí bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ọkọ mi, àmọ́ mi ò ro ó pọ̀ rí.

Mo máa ń sùn dáadáa ní Lomé, mà. Ilé àlejò tí mò ń dé sí ò jìnnà sétí òkun. Tí mo bá kúrò ní Assigamé ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń ra akoumé àti ẹja yíyan, oúnjẹ tí mi ò sè, nínú àwo tí mi ò ní fọ̀. Lẹ́yìn náà màá jókòó, màá máa wo omi fún bíi wákàtí kan. Mi ò kì í ro nǹkan kan. Ìgbà míì tí mo bá pe ọkọ mi ní Fráídè pé ọjà ò tíì pé, ọjà ti pé.

Mi ò tíì sọ gbólóhùn yẹn fún ẹnikẹ́ni rí. Mo ti sọ fún un báyìí, lálẹ́ àná. Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní òun ti fura, pé ìgbà tó jẹ́ pé owó mi ló ń san ilé-ìwé, òun ò rí ẹnu sọ ọ́. A kò jà. Ó ní, "Tó bá rẹ̀ ẹ́, ṣé o ò lè sọ pé ó rẹ̀ ẹ́ ni?" Mi ò mọ èsì tí mo fún un. Mo rò pé mo ní kó lọ pa gẹnẹrétọ̀.

Aláṣọ Gbàgì:

Ọ̀sẹ̀ kọkànlá rèé, àwọn kan ti ń béèrè mi, ẹ jẹ́ kí n jábọ̀.

Mo rí ẹni tí ojú wa bára mu. Ìyá Kẹ́hìndé ni, ìlà ṣọ́ọ̀bù kan náà la wà. Tóun bá lọ lónìí, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó lọ, nítorí náà ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà fún kálukú wa. Bí Bàbá Alálùbọ́sà ṣe wí ló rí, ti àkọ́kọ́ bàjẹ́: Ìyá Kẹ́hìndé ra búlúù kan fún mi tí gbogbo Gbàgì ti ń tà láti ìgbà Àjíǹde. Ogún ló rà, méjìlá ṣì wà lórí pẹpẹ. Ní báyìí, fídíò la ń pe ara wa, màá sì ní kó gbé aṣọ jáde síta, torí iná gílóòbù inú ọjà máa ń purọ́ fún àwọ̀.

Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì wà lára ògiri, mo fi báírò pupa yí ọjọ́ tí mo máa dé ká. Mo kùnà lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ wa dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn Àgbádárìgì, mo sì pè wọ́n. Nígbà tí mo dé ní Sátidé, mo rí i pé ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn, ti fa igi sórí Fráídè, ó kọ "ọkọ̀ bàjẹ́" sábẹ́ ẹ̀. Ó dá mi láre.

Ọlidé gígùn bẹ̀rẹ̀, ọkọ mi ò lọ síṣẹ́, ó wà pẹ̀lú àwọn ọkùnrin méjèèjì. Mo gba ìwé ìrìnnà fún àkọ́bí mi, mo sì mú un dání. Ṣáájú ìyẹn, ó ti ń bá mi ká aṣọ ní Gbàgì ní Sátidé mẹ́rin, tí kò sọ nǹkan kan ju "Mọ́mì, èyí ò pé yáàdì mẹ́fà" lọ. Ìyá Iléṣà, mo mú sùúrù. Inú ọkọ̀ ló ti sọ̀rọ̀, lẹ́yìn Grand-Popo, nígbà tó rí òkun. Ohun tó sọ, ti èmi àti ẹ̀ ni. Ní Lomé a jọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan, ó ń ta mí nípàá títí ilẹ̀ fi mọ́, mi ò rí oorun kankan sùn.

Fún Bọ́dàtì, mo rò pé inú ẹ̀ máa dùn. Mo pè é jókòó lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo ní, "Mọ́mì ò lọ lọ́sẹ̀ yìí o, Ìyá Kẹ́hìndé ló máa lọ." Ó wò mí. Ó ní, "Ìyá Kẹ́hìndé mọ búrẹ́dì Kútọnu rà, èyí tó gùn bí ọ̀pá yẹn?" Mo ní mi ò mọ̀. Ojú ẹ̀ bá fàro, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a lọ."

Mo ti pe Ìyá Kẹ́hìndé. Méjì ló ní òun máa rà.